Tábìlì oúnjẹ, ₦150,000 àti ẹ̀yìn ríro: àga wo ni kí n rà?

Ìbéèrè tó dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀ nìyí:

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí i. Ìbàdàn ni mo wà, iléeṣẹ́ kan ní Toronto ni mò ń bá ṣe ìṣirò owó láti ilé. Aago méjì ọ̀sán ni mo máa ń jókòó, aago mẹ́wàá alẹ́ ni mò ń dìde. Tábìlì oúnjẹ ni mo gbé láptọ́ọ̀pù lé, àga oúnjẹ náà ni mò ń lò, mo ti fi tìmùtìmù sí i. Ìbàdí ń ro mí, èjìká ọ̀tún náà ti bá a ṣọ̀rẹ́. ₦150,000 ni mo ní. Ọkọ mi ní kí n ra àga ọ̀gá, èyí onílẹ́dà tí ẹ̀yìn rẹ̀ ga kọjá orí. Ọ̀rẹ́ mi ní onínẹ́ẹ̀tì ló dáa. Ẹ̀gbọ́n mi ní tòkunbọ̀ ni kí n wá. Mi ò ga o, ẹsẹ̀ márùn-ún àti íńṣì méjì péré. Ta ni kí n gbọ́ tiẹ̀?"

* * *

Àǹtí, ẹ fi ọ̀rọ̀ àga sílẹ̀ ná. Ẹ lọ yá téèpù lọ́wọ́ télọ̀.

Àga ọ́fíìsì ni mò ń tún ṣe. Gáàsì tó ń gbé ìjókòó sókè, táyà, fóòmù, ẹsẹ̀ tó kán, gbogbo ẹ̀ ló ń gba ọwọ́ mi kọjá. Ọ̀pọ̀ nínú àga tí wọ́n ń gbé wá pé ó ń dá àwọn lóró ni kò ní nǹkan kan tó ṣe é. Kò kàn bá ara ẹni tó ni ín àti tábìlì rẹ̀ mu ni. Wọ́n rà á bí èèyàn ṣe ń ra mọ́tò: wọ́n wo orúkọ, wọ́n wo bó ṣe ń dán, wọ́n jókòó lé e fún ìṣẹ́jú kan ní ṣọ́ọ̀bù, wọ́n sanwó. Ìgbà tó délé ni wọ́n tó mọ̀ pé ẹsẹ̀ àwọn ò kan ilẹ̀.

Nǹkan mẹ́rin ni kí ẹ wọ̀n. Ẹ wọ sálúbàtà tí ẹ fi ń ṣiṣẹ́, ẹ jókòó kí àtẹ́lẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ pẹrẹsẹ, kí ẹ wọ̀n láti ilẹ̀ dé ẹ̀yìn orúnkún. Ẹ wọ̀n itan láti ẹ̀yìn ìdí, ibi tó fara kan ògiri, dé ẹ̀yìn orúnkún. Ẹ sọ apá sílẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́, ẹ ká ìgúnpá, kí ẹ wọ̀n láti orí ìjókòó dé abẹ́ ìgúnpá. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wọ̀n tábìlì láti ilẹ̀ dé orí. Ẹ fi ránṣẹ́ síbí ká tó máa jà lórí lẹ́dà àti nẹ́ẹ̀tì.

* * *

Ó ti fi ránṣẹ́. Ẹ̀yìn orúnkún, sẹ̀ǹtímítà 41. Itan, 45. Ìgúnpá, 23. Tábìlì, 76.

Ẹ wá wò ó. Kí ìgúnpá yín tó lè wà ní déédéé orí tábìlì yẹn, ìjókòó gbọ́dọ̀ ga tó 53, torí 53 àti 23 ló ń jẹ́ 76. Ẹsẹ̀ yín ò ju 41 lọ. Àga oúnjẹ kì í sábà ju 45 tàbí 46 lọ, a ò tíì ka tìmùtìmù. Àga tí ẹ ń lò ga jù fún ẹsẹ̀ yín, ó sì tún kúrú jù fún tábìlì yín, lẹ́ẹ̀kan náà.

Torí pé ó kúrú fún tábìlì, ẹ ní láti gbé èjìká sókè kí ọwọ́ tó lè dé orí kíbọọ̀dù. Ọwọ́ ọ̀tún tó ń di máòsì mú ló ń jẹyà jù níbẹ̀. Torí pé ó ga fún ẹsẹ̀, ẹ máa ń sún wá sí etí àga kí àtẹ́lẹsẹ̀ lè rí ilẹ̀ tẹ̀, ẹ̀yìn yín á wá jìnnà sí ẹ̀yìn àga, ìbàdí á sì máa dá ru ẹrù láti ọ̀sán títí di alẹ́. Ẹ lè lọ ra àga mílíọ̀nù kan, tí tábìlì bá ṣì wà bẹ́ẹ̀, èjìká yẹn á máa dùn yín lọ.

Ọ̀nà méjì ló wà. Ẹ lè gbé ìjókòó sókè dé 53, kí ẹ wá nǹkan tí ẹsẹ̀ máa tẹ̀. Búlọ́ọ̀kù oníńṣì márùn-ún méjì, tí ẹ bá dà á dùbúlẹ̀, ga tó sẹ̀ǹtímítà 12 àtààbọ̀. Ẹ fi kápẹ́ẹ̀tì àlòkù wé e, ó di àpótí ìtìsẹ̀. Ṣùgbọ́n gáàsì tó wọ́pọ̀ lábẹ́ àga ọ́fíìsì máa ń gbé ìjókòó láti bí 42 dé bí 52, ìyẹn ni pé orí òkè pátápátá ni ẹ máa wà nígbà gbogbo. Ọ̀nà kejì: kí kápẹ́ńtà kan tábìlì pẹrẹsẹ tó ga ní 64 fún yín. 41 àti 23 ni mo fi ṣe é. Kí pákó orí rẹ̀ má nípọn, kó má sì ní dúrọ́ọ̀ lábẹ́, kí itan lè ráyè. Tó bá jẹ́ èmi ni, kápẹ́ńtà ni màá kọ́kọ́ pè.

Ọ̀rọ̀ láptọ́ọ̀pù ò gùn. Ẹ gbé e lé orí ìwé títí orí ojú rẹ̀ á fi dọ́gba pẹ̀lú ojú yín, kí ẹ ra kíbọọ̀dù àti máòsì sọ́tọ̀. Ẹ yọ owó wọn nínú ₦150,000 yẹn kí ẹ tó jáde nílé.

* * *

Ẹnì kan ti bínú sí mi: "Àga ọ̀gá onílẹ́dà ni mò ń lò láti ọdún mẹ́rin, ẹ̀yìn ò ro mí rí. Ẹ má ba ọjà ọlọ́jà jẹ́."

Mo bi í léèrè bó ṣe ga tó. Ẹsẹ̀ mẹ́fà. Yàrá rẹ̀ ńkọ́? Ẹ́ẹ́sì wà níbẹ̀, sólà ló sì ń gbé e. Ẹ kú oríire, sà. Ara yín gba àga yẹn, yàrá yín náà gbà á.

Àǹtí tó béèrè kò rí bẹ́ẹ̀. Ìjókòó àga ọ̀gá sábà máa ń jìn tó 50 tàbí kó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Itan tiwọn jẹ́ 45, ó sì yẹ kí àyè ìka méjì tàbí mẹ́ta ṣẹ́ kù láàárín etí ìjókòó àti ẹ̀yìn orúnkún. Tí wọ́n bá fẹ̀yìn ti àga ọ̀gá, etí rẹ̀ á máa há wọn lẹ́yìn orúnkún, ẹsẹ̀ á kú tipiri. Tí wọ́n bá sá fún ìyẹn tí wọ́n sún síwájú, ẹ̀yìn àga di ẹrù lásán. Ibi ìgborílé tí wọ́n fi ń polówó rẹ̀ pàápàá, ẹni tó ga ni wọ́n ṣe é fún. Ẹni tí kò ga, á máa ti orí rẹ̀ síwájú ni.

Ká má tíì sọ ti ooru. Èyí tí wọ́n ń pè ní lẹ́dà níbẹ̀, ike tí wọ́n tẹ̀ mọ́ aṣọ ni lọ́pọ̀ ìgbà. Tí iná bá lọ ní aago mẹ́ta ọ̀sán nínú oṣù kẹta, gbogbo ẹ̀yìn á tutù rinrin fún òógùn. Òógùn àti ooru yìí náà ló ń jẹ ike ọ̀hún, á bẹ̀rẹ̀ sí í bó, èépá dúdú á máa lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn aṣọ yín lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ọkọ yín ò ṣe ibi kankan o, iyì yín ló ń rò. Iyì náà dáa fún yàrá tí àlejò ń wọ̀.

Ẹlòmíì béèrè àga àwọn ọmọ tó ń ta géèmù, èyí aláwọ̀ pupa àti dúdú yẹn. Àga mọ́tò eré sísá ni wọ́n fara wé. Apá méjèèjì tó yọ sókè lẹ́gbẹ̀ẹ́ itan wúlò fún ẹni tó ń ya kọ́nà lórí eré, kò wúlò fún ìyá tó ń ṣírò owó. Kí ló tún kù? Irọ̀rí kékeré méjì tó máa sọnù kí ọdún tó yí.

* * *

Ẹ̀gbọ́n tó ní kí wọ́n wá tòkunbọ̀, ẹ̀yìn ẹ̀ ni mo wà.

Ọ́fíìsì ní Gẹ̀ẹ́sì tàbí Amẹ́ríkà máa ń ra àga tí èèyàn lè jókòó lé láti àárọ̀ dalẹ́ fún ọdún mẹ́wàá. Nígbà tí wọ́n bá kó kúrò tàbí tí wọ́n dín àyè kù, wọ́n á kó àga síta, òmíràn nínú rẹ̀ á bá kọ̀ǹténà wọ Àpápá. Ara aṣọ rẹ̀ lè ti ṣá, ṣùgbọ́n irin tó wà lábẹ́ rẹ̀ kì í ṣe ẹgbẹ́ irin àga tuntun olówó pọ́ọ́kú.

Orúkọ tí gbogbo wọn máa ń pè ni Aeron, tí Herman Miller gbé jáde ní 1994, tí Bill Stumpf àti Don Chadwick yà. Nẹ́ẹ̀tì ni látòkè délẹ̀, kò sí fóòmù níbi tí a ń jókòó sí, atẹ́gùn ń gba abẹ́ èèyàn kọjá. Ohun tí àwọn tó ń tà á kì í sọ ni pé ìwọ̀n mẹ́ta ló ní: A, B àti C. Ẹ na ọwọ́ sí ẹ̀yìn rẹ̀ lókè, ní abẹ́ etí ike tó yí nẹ́ẹ̀tì ká, ìka yín á kan kókó róbótó. Ọ̀kan ni A, méjì ni B, mẹ́ta ni C. Ìjókòó rẹ̀ kò ṣeé sún síwájú tàbí sẹ́yìn, torí náà ẹni tí itan rẹ̀ jẹ́ 45 kò ní nǹkan bá C ṣe, kódà B gan-an, kí ó jókòó wò ó dáadáa. ₦150,000 kò sì ní gba Aeron tó pé lásìkò yìí. Ẹni tó bá ní òun máa tà á fún yín níye yẹn, ẹ yẹ nẹ́ẹ̀tì rẹ̀ wò, torí tó bá ti ya, kò ṣeé rán, gbogbo férémù ìjókòó la máa ń pààrọ̀.

Steelcase Leap, tó jáde ní 1999, kò lókìkí tó bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ wa, òun sì ni mo máa ń sọ fún ẹni tí kò ga. Ìjókòó rẹ̀ ń sún síwájú sẹ́yìn, ọwọ́ rẹ̀ ń lọ sókè sódò, sọ́tùn-ún sósì. Fóòmù ló ní, ooru rẹ̀ ju ti nẹ́ẹ̀tì lọ, mi ò ní purọ́. Àwọn orúkọ míì wà tí ẹ ò gbọ́ rí tí wọ́n sì dáa. Kì í ṣe orúkọ la ń wá, ohun tó ń ṣeé yí lára rẹ̀ la ń wá: gíga ìjókòó, jíjìn rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀.

Tí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ wọn, ẹ má tíì jókòó. Ẹ ní kí ọmọ ṣọ́ọ̀bù dojú àga náà dé. Ẹ wo ìdí ẹsẹ̀ márààrún, ibi tí wọ́n ti pàdé láàárín. Tí ìlà funfun tín-ín-rín bá wà lára ike níbẹ̀, ó ti fẹ́ kán, ọ̀rọ̀ sì ti parí. Ẹ wo ọ̀pá dídán tó wà nínú gáàsì, tí òróró bá ń sun lára rẹ̀, gáàsì náà ò ní pẹ́ lọ. Irun àti òwú tó wé mọ́ táyà kò túmọ̀ sí nǹkan kan, abẹ́fẹ́lẹ́ ló máa gé e. Ẹ wá gbé àga nàró, kí ẹ fi orúnkún kan tẹ àárín ìjókòó pẹ̀lú gbogbo agbára yín. Tí orúnkún bá kan pákó, fóòmù ti kú. Ẹ gbé ìjókòó dé òkè pátápátá, ẹ jókòó, ẹ fi ẹ̀rọ pe ìyá yín lórí ìjókòó, ẹ bá wọn sọ̀rọ̀ dáadáa. Tí ẹ bá máa fi parí ọ̀rọ̀ tí àga ti sọ̀kalẹ̀, ẹ yọ owó gáàsì kúrò nínú iye tó pè. Àga tó ń sọ̀kalẹ̀ kì í ṣe àga tó bàjẹ́, ẹni tó ń tà á ò gbọdọ̀ mọ̀ pé ẹ mọ̀.

* * *

"Ṣé òótọ́ ni pé gáàsì àga lè bú gbàù pa èèyàn?"

Náítírójìn ló wà nínú rẹ̀, kì í gbiná. Agbára tí wọ́n fi tì í pa sínú irin náà ni ewu ibẹ̀. Ẹ ra èyí tí wọ́n tẹ nọ́ńbà kíláàsì sí lára, 4 ni irin rẹ̀ nípọn jù. Pípààrọ̀ rẹ̀ kò le, kò sí nọ́ọ̀tì níbẹ̀, ó há mọ́ ihò ẹsẹ̀ ni, hámà la fi ń gbá a jáde láti abẹ́.

Ohun tó ń dẹ́rù bà mí ni àwọn tó ń gbé e fún wẹ́dà. "Ẹ bá mi jó o pa, kó má sọ̀kalẹ̀ mọ́." Ẹ má fi iná kan irin tí wọ́n ti gáàsì pa sínú rẹ̀! Tí ẹ ò bá ní owó gáàsì tuntun, ẹ ra páìpù omi oníke tí ihò rẹ̀ gba ọ̀pá náà, ẹ gé e ní gíga tí ẹ fẹ́, ẹ là á lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kí ẹ há a mọ́ ọ̀pá dídán yẹn. Àga ò ní lè sọ̀kalẹ̀ kọjá ibẹ̀. Gíga kan ṣoṣo lẹ máa ní, ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ ẹ̀yin nìkan lẹ ń lò ó, gíga kan náà lẹ nílò.

* * *

Ọ̀pọ̀ ló kọ̀wé pé àga kọ́ ló ṣe pàtàkì, kí èèyàn ṣáà jókòó gún régé bíi sójà. Èyí ni mi ò gbà rárá.

Alf Nachemson, dókítà eegun ará Sweden, wà lára àwọn tó kọ́kọ́ yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò. Láti àwọn ọdún 1960 ló ti ń fi abẹ́rẹ́ wọn ìfúnpá inú dísìkì, ìyẹn tìmùtìmù tó wà láàárín eegun ẹ̀yìn kan sí èkejì, ó sì rí i pé ìjókòó láìfẹ̀yìntì ń fún un ju ìdúró lọ. Ní 1999, olùṣèwádìí kan, Wilke, àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ulm, ní Jámánì, fi ẹ̀rọ sínú dísìkì ọkùnrin kan. Nígbà tó dúró, 0.5 ni ìfúnpá náà lórí òṣùwọ̀n mẹ́gápáskàlì. Nígbà tó jókòó wọ́ọ́rọ́wọ́, 0.46. Nígbà tó fipá na ẹ̀yìn gún, 0.55. Nígbà tó rọ̀gbọ̀kú sẹ́yìn sínú àga, ó bọ́ sí nǹkan bí 0.3. Ẹnì kan ṣoṣo ni wọ́n wọ̀n, torí náà ẹ má sọ ọ́ di òfin. Ní 2006, àwọn kan ní Aberdeen, ní Scotland, fi ẹ̀rọ MRI, ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán inú ara, irú èyí tí èèyàn lè jókòó sínú rẹ̀, wo èèyàn 22. Ìgúnwà bí ojú igun ilé, digírí 90, kò gba oyè. Ìfẹ̀yìntì sí digírí 135 ló fún ẹ̀yìn ní ìsinmi jù.

Ta ló wá lè tẹ kíbọọ̀dù ní 135? Kò sí. Ṣùgbọ́n ẹ lè fẹ̀yìn tì díẹ̀, bíi 100 sí 110, kí ẹ̀yìn àga máa bá yín gbé ẹrù. Ẹ wo abẹ́ ìjókòó yín níwájú, kókó ńlá kan wà níbẹ̀ tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò fọwọ́ kàn rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti ra àga. Òun ló ń pinnu bí ẹ̀yìn àga ṣe máa le tó. Ẹ yí i títí ẹ̀yìn àga á fi máa tẹ̀lé yín bí ẹ bá fara tì í, tí kò ní ṣubú sẹ́yìn, tí kò sì ní tì yín síwájú. Kí ẹ sì tú irin tó há a mọ́ ojú kan.

Ẹnì kan ní àwọn ahunṣọ òfì ní Ìsẹ́yìn ń jókòó látàárọ̀ dalẹ́ láìsí àga olówó ńlá. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ wo wọ́n lẹ́nu iṣẹ́: ẹsẹ̀ ń tẹ ìtẹ̀, ọwọ́ ń ju ọ̀kọ̀ tó ń gbé òwú kọjá, apá ń fa aṣa gbá a, gbogbo ara ló ń lọ. Ẹ bi àwọn àgbà ibẹ̀ léèrè nípa ẹ̀yìn wọn náà, kí ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n máa sọ. Ẹni tó ń ṣe ìṣirò, ìka ọwọ́ nìkan ló ń lọ. Ẹ dìde ní bíi ìdajì wákàtí sí ìdajì wákàtí, ì báà jẹ́ láti lọ pọn omi mu.

* * *

Ará wa kan ní Lọ́ńdọ́nù ya ọ̀rọ̀ sí ibòmíì, ó sì dáa: "Kí ló dé tí ẹ̀yin ń fi owó ara yín ra àga? Níbí, ọ̀gá ló ń pèsè ẹ̀."

Òfin wọn lórí iṣẹ́ ìdí kọ̀ǹpútà, ti 1992, ní kí agbanisíṣẹ́ yẹ ibi tí òṣìṣẹ́ ń jókòó wò. Gíga ìjókòó gbọ́dọ̀ ṣeé yí, ẹ̀yìn àga gbọ́dọ̀ ṣeé yí ní gíga àti ní ìfẹ̀yìntì, ẹni tó bá sì fẹ́ ìtìsẹ̀ gbọ́dọ̀ rí i. Ó kan àwọn tó ń ti ilé ṣiṣẹ́ fún wọn pẹ̀lú, kò kan ẹni tó ń ṣe tara rẹ̀. Ẹ̀yin ará wa tó wà níbẹ̀ tí ẹ ń ti orí bẹ́ẹ̀dì ṣiṣẹ́ fún wọn, ẹ kọ lẹ́tà sí ọ̀gá yín.

Òfin yẹn ò dé Ìbàdàn. Ẹ béèrè náà lọ́wọ́ àwọn Toronto yìí, Àǹtí. Ẹ má pè é ní ẹ̀bẹ̀. Ẹ ní irinṣẹ́ lẹ fẹ́ rà, iye rẹ̀ nìyí, rìsíìtì nìyí.

* * *

"Àga ike ni màmá mi jókòó lé ta ọjà fún ọgbọ̀n ọdún."

Màmá yín ń dìde wọn gààrí, wọ́n ń lé ewúrẹ́, wọ́n ń lọ kí aládùúgbò. Ẹ gbé láptọ́ọ̀pù síwájú wọn láti aago méjì sí mẹ́wàá ká wò ó.

Ẹ̀yin tó sì ń sọ fún Àǹtí pé Àbóníkì ni kí wọ́n fi ra á, ó dáa fún alẹ́ kan. Ṣùgbọ́n tí ìrora bá ń sáré láti ìbàdí gba ẹsẹ̀ lọ, tí ẹsẹ̀ bá ń kú tàbí tí kò lágbára mọ́, ẹ lọ rí dókítà, ẹ̀ka fisiotẹ́rápì wà ní UCH lẹ́bàá yín níbẹ̀. Tó bá ti di pé ìtọ̀ tàbí ìgbẹ́ ò gbọ́ràn sí yín lẹ́nu mọ́, ọjọ́ yẹn gan-an ni kí ẹ lọ.

* * *

Àǹtí ní kí n sọ ojú abẹ níkòó: kí ni kí àwọn fi owó ṣe?

Kápẹ́ńtà kọ́kọ́, tábìlì 64. Kíbọọ̀dù àti máòsì. Ohun tó kù, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn onítòkunbọ̀, kí ẹ mú téèpù dání. Ìjókòó tó lè sọ̀kalẹ̀ dé 42, fóòmù á rì díẹ̀, ó di 41 yín. Jíjìn rẹ̀ tó bọ́ sí bíi 41, tàbí tó ṣeé sún dé ibẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ tó lè sọ̀kalẹ̀ dé 23, tí kò bá lè sọ̀kalẹ̀, ẹ ní kí wọ́n tú u kúrò, èèyàn lè ṣe láìsí i. Tó bá jẹ́ onínẹ́ẹ̀tì lẹ bá rí tó pé báyìí, ẹ mú un nítorí ooru. Tó bá jẹ́ fóòmù ló bá ìwọ̀n mu, ẹ mú fóòmù, kí ẹ ra fáànù tó ṣeé cháàjì.

Ẹni tó bá ní ẹ ò gbọdọ̀ jókòó wò kí ẹ tó sanwó, ẹ kọjá sí ṣọ́ọ̀bù tó tẹ̀ lé e.